Orúkọ Àwa Tí Ń Kan Àgbá

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé Calgary, ìpè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kò wọ́n mi rárá. Àwọn tí a jọ wọ bàálù láti Èkó a máa ráhùn pé àwọn ń wá iṣẹ́ títí, ẹnikẹ́ni kò dá àwọn lóhùn. Èmi rèé, fóònù mi kì í sinmi. Ohun tó fà á kò ju orúkọ bàbá mi lọ. Cooper ni mò ń jẹ́. Bí mo bá dé ilé gogoro kan ní Downtown, tí mo jókòó, ẹni tó fẹ́ wá mú mi wọlé yóò jáde, yóò wo ọ̀tún, yóò wo òsì, ojú rẹ̀ yóò kọjá lára mi bí ẹni pé àga ni mí, yóò sì máa wá Cooper tirẹ̀ kiri. Èmi yóò wá dìde, n óò na ọwọ́. Mo ti mọ ẹ̀rín tó máa ń tẹ̀ lé e.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ilé iṣẹ́ epo kan ló sì gbà mí nígbẹ̀yìn, nítorí náà n kò lè sọ pé orúkọ náà pa mí lára. Ṣùgbọ́n inú máa ń bí mi. Inú mi tètè máa ń ru, ìyàwó mi lè jẹ́rìí sí i. Àwọn òyìnbó ń wò mí bí ẹni tó jí orúkọ gbé, àwọn ará ilé wa náà kò sì fún mi nísinmi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá kí ara wa tán, ẹnìkan yóò bú sẹ́rìn-ín: "Cooper kẹ̀? Bros, which village be that?" Ẹlòmíràn yóò là á mọ́lẹ̀ pé ó dájú pé wọ́n ta baba ńlá mi fún òyìnbó kan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́n tó ẹni tí ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin náà sì ti lọ bá wọn. Mo pe àwọn mọ̀lẹ́bí díẹ̀ tó kù lórí fóònù, Cooper náà ni àwọn náà mọ̀. N kò ronú kan ìyá mi, nítorí ìyàwó ilé lásán ni mo kà wọ́n sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Mo wá ìtumọ̀ rẹ̀ fúnra mi. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò le. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, cooper ni wọ́n ń pe ẹni tó ń kan àgbá onípákó. Yóò la pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, yóò yá a níná kó lè tẹ̀, yóò tò ó yípo, yóò wá fi irin pẹlẹbẹ dì í nídìí, láàárín àti lókè. Nígbà tí kò tíì sí kẹ́ẹ̀gì oníke, inú àgbá ni gbogbo nǹkan ń gbé: ọtí, ẹja oníyọ̀, ìyẹ̀fun, ẹ̀tù ìbọn, òróró. Kò sí ìlú tí kò nílò ẹni tó ń kàn án, ìdí nìyẹn tí orúkọ náà fi pọ̀ bí yanrìn. Bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ alágbẹ̀dẹ ní Smith ni wọ́n ń pe ọmọ tirẹ̀ ní Cooper, títí orúkọ fi lẹ̀ mọ́ àwọn tí kò fọwọ́ kan òòlù rí láyé wọn. Àwọn tó ṣí kúrò nílé sì gbé e dání lọ sí Amẹ́ríkà, Australia àti Canada.

Ní Calgary, kò síbi tí n kì í ti í pàdé rẹ̀. Mo rí i lára pátákó dókítà eyín, mo rí i lẹ́yìn aṣọ ọmọ tó ń gbá hockey. Nígbà tó yá, wọn kò tilẹ̀ fi mọ sí orúkọ ìdílé mọ́, wọ́n ti ń sọ ọmọ ní Cooper láti ìkòkó. Wọ́n sì ń sọ ajá bẹ́ẹ̀. Ní pápá tó wà lẹ́bàá odò, mo ti yíjú padà láìmọye ìgbà nítorí ẹni tí kò pè mí.

Gbogbo èyí, lójú mi, kò kan ilé tiwa. Ta ló kan àgbá rí nínú wa? Àgbá kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí à ń pọn omi sí lẹ́yìnkùlé, oníke aláwọ̀ búlúù ni, ọjà la sì ti rà á. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi lóyún, mo pinnu pé ọmọ mi kò ní jẹ́ Cooper. A ó yí orúkọ padà kí ọmọ tó dé. Mo ti yan orúkọ Yorùbá kan tó dùn létí, tó ní Olúwa níwájú, tó ní ọlá lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í gba ọ̀rọ̀ tí kò bá tíì yẹ̀ wò.

"Name yẹn fine o," ó ní, "but ta ló ń jẹ́ ẹ nínú ìdílé yín?"

Mo ní àwa ni a máa kọ́kọ́ jẹ́ ẹ.

Ó wò mí títí. "Okay. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa sọ fún Mummy."

Ìyá mi dé ní àsìkò tí snow ti gba gbogbo ojúde wa ní Falconridge. Wọ́n wá láti wá bá wa tọ́jú ọmọ. Ìyá mi ti fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ ní Geography, gbogbo ilé ìwé ló sì mọ̀ wọ́n sí Mrs Cooper. Bí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, àyà wọn a máa yọ síwájú díẹ̀. Mo rí i, n kò sì lè la ẹnu. Mo ń sọ pé ó di ọ̀la, ó di ọ̀la, títí ajá fi bá mi dá sí i.

Obìnrin òyìnbó àgbàlagbà kan ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, òun àti ajá rẹ̀ pupa gbọ̀ǹgbọ̀n kan. Láàárọ̀ kejì tí ìyá mi dé, wọ́n dúró nídìí fèrèsé pẹ̀lú súwẹ́tà méjì lọ́rùn, wọ́n ń wo snow. Obìnrin náà jáde sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó figbe ta: "Cooper! Cooper, no! Come here, Cooper!"

Ìyá mi yíjú sí mi. "Ta ló ń pè?"

"Ajá ẹ̀ ni, mà."

"Ajá ẹ̀ ń jẹ́ kí ni?"

Wọ́n jókòó. "Kí lẹ ṣe fún obìnrin yìí?"

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí ní ilé wa. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ nínú sí aládùúgbò rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìjà dé iwájú baálẹ̀, ajá ni yóò rà, yóò fi ọ̀rọ̀ náà sọ ọ́ lórúkọ, yóò sì máa pè é láàárọ̀ lálẹ́. Ní àdúgbò tí mo ti dàgbà, ajá kan wà tó ń jẹ́ Ṣebóotimọ. Gbogbo wa la mọ ẹni tí wọ́n ń fi ajá yẹn bá wí, òun náà sì mọ ara rẹ̀. Nítorí náà, lójú ìyá mi, kò sí ohun tó ṣókùnkùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin òyìnbó náà ń bú wa ni. Mo ṣàlàyé títí pé ajá yẹn ti wà níbẹ̀ kí a tó kó dé ilé náà.

"Ìyẹn ni pé ó ti gbọ́ pé ẹ̀ ń bọ̀," wọ́n ní.

Láti ìgbà náà, bí obìnrin yẹn bá juwọ́ sí wọn, ìyá mi a wo òkè bí ẹni tí ń wá bàálù. Lọ́jọ́ kan ó bá wọn níwájú ilé, ó ń rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí ajá rẹ̀. "Hi! This is Cooper," ó ní. Ìyá mi gbé ọrùn sókè, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ tó pẹ́ dé kíláàsì sọ̀rọ̀ dá a lóhùn: "Madam, I am Mrs Cooper." Inú obìnrin náà dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ yẹn dára gan-an. Ìyá mi wọlé, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ní, "O rí i? Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín."

Èmi náà rò pé àyè ti ṣí sílẹ̀. Mo ní, "Mummy, ẹ̀yin náà ti rí i báyìí. Orúkọ ajá ni wọ́n fi ń ṣe níbí. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ yí i padà kí ọmọ tó dé." Mo sọ orúkọ tuntun náà fún wọn, pẹ̀lú ìtumọ̀ rẹ̀.

Ìyá mi kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Aṣọ ọmọ tí wọ́n ń ká, wọ́n ká a tán. Wọ́n ní, "Ó dáa. Èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀yin bí i báwo, mà?"

"Ìwọ á jẹ́ tuntun, ìyàwó ẹ á jẹ́ ẹ, ọmọ á jẹ́ ẹ. Èmi nìkan ni mo máa kù tí mo ń jẹ́ orúkọ bàbá ẹ. Bí mo bá kú, ó tán nìyẹn. Á wá dà bí ẹni pé kò wáyé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára, ṣùgbọ́n orí mi ti gbóná. Mo ní kì í ṣe orúkọ bàbá mi, orúkọ òyìnbó ni.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ti òyìnbó ni? Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé ta lo wò?"

"Ilé wo ni kí n wò? Kí là ń jẹ́ kó tó di Cooper? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mà, kí n fi ìyẹn rọ́pò ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́."

"Ìyàwó kì í pe orúkọ baba ọkọ. Lọ́jọ́ tí mo wọlé, ìyá ọkọ mi sọ ọ́ sí mi létí, kí n lè mọ ohun tí mi ò gbọdọ̀ pè."

Ẹnu yà mí. Ìyá mi yìí máa ń pè wá lórí fídíò láti Èkó, wọ́n mọ ibi tí odò tó la Calgary kọjá ti ṣẹ̀ wá, síbẹ̀ ètè wọn kò gbọdọ̀ gbé orúkọ òkú kan. Ṣùgbọ́n bí mo ti rò ó, mo rí i pé kò yẹ kó yà mí lẹ́nu. Nínú ilé tí mo ti dàgbà, ẹnikẹ́ni kò lórúkọ. Bàbá mi ni "Bàbá ẹ". Ẹ̀gbọ́n wọn ni "Ìbàdí-àrán". Ìbátan wọn kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni "Òpéléńgẹ́", mo sì ti wọ yunifásítì kí n tó mọ ohun tí wọ́n sọ Òpéléńgẹ́ lọ́jọ́ ìkómọ rẹ̀. Báyìí ni ìyá mi ṣe bu ọlá fún ilé ọkọ wọn títí èmi ọmọ ilé kò fi mọ orúkọ ilé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo ń sọ ti òmìnira, mo ń sọ ti àṣà, ohùn mi ń lọ sókè. Ìyá mi kó aṣọ ọmọ mọ́ra, wọ́n dìde. "Àgbá òfìfo ní í pariwo," wọ́n ní, wọ́n sì wọ yàrá wọn lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé tutù ju ìta lọ. Ìyá mi ń kí mi, wọ́n ń gbé oúnjẹ fún mi, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi ṣeré mọ́. A lọ ra iṣu àti ẹja gbígbẹ ní International Avenue, wọn kò tilẹ̀ bá oníṣọ́ọ̀bù ná ọjà, ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú wọn. Ìyàwó mi ní kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo ní kí ni mo ṣe?

Ọmọ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú ṣáṣá lórí snow. Obìnrin ni. A gbé e wálé, ìyá mi sì gba ọmọ lọ́wọ́ wa bí ẹni gba ohun tí wọ́n jẹ ẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n po omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà ní kíṣìnnì, wọ́n ká ìró sókè, wọ́n tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kọ́ọ̀pù tíì lọ́wọ́. Ọmọ figbe ta, ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í:

"Ọkọ mi, káàbọ̀.
Ọmọ a-tẹ-pákó-má-jẹ̀ẹ́-kó-dá,
ọmọ a-firin-di-pákó-bí-ìgbàdí.
Àgbá kì í jò lọ́wọ́ baba yín,
epo kì í ṣòfò nílé yín.
Ọmọ ẹni tí òyìnbó dúró dè létí òkun,
bí kò bá kan tirẹ̀ tán, ọkọ̀ kì í ṣí."

Mo ti gbọ́ ọ rí. Ìyẹn ló mú mi gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, nígbà tí mo bá ń ṣàìsàn, nígbà tí mo ń wọ ọkọ̀ lọ sí pápákọ̀ òfurufú, ìyá mi ti sọ ọ́ sí mi lórí, mo sì kà á sí ariwo tí àwọn ìyá máa ń pa. N kò gbọ́ pákó nínú rẹ̀, n kò gbọ́ irin. Nísinsìnyí tí mo ti kà nípa bí wọ́n ṣe ń tẹ pákó níná tí wọ́n sì ń fi irin dì í, gbogbo rẹ̀ wá ṣe kedere sí mi létí.

Mo ní, "Mummy, àgbá ta ni?"

Wọn kò gbé ojú kúrò lára ọmọ. "Àgbá bàbá wa àgbà. Ta lo rò pé à ń kì látọjọ́ yìí?"

Wọ́n ń fi òrí ra ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n ń sọ ọ́ bí ìyá ọkọ wọn ṣe sọ ọ́ fún wọn. Láti òkè ni wọ́n ti ń ru epo pupa wá sí Èkó, àwọn òyìnbó oníṣòwò sì ń kó o lọ sí ìlú wọn. Pákó àgbá máa ń ti òkè òkun dé ní títú, wọ́n á sì ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kàn án létí omi. Bàbá wa àgbà bá àwọn aláàárù epo sọ̀ kalẹ̀ nígbà ọ̀dọ́ wọn, wọ́n rí iṣẹ́ náà, ó wù wọ́n, wọ́n dúró kọ́ ọ. Nígbà tó yá, bí àgbá bá ń jò, àwọn ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Cooper ni òyìnbó ń pe oníṣẹ́ náà ní èdè wọn. Ẹni tó bá ti dé etí omi, Cooper ló ń béèrè. Nígbà tí wọ́n kó àwọn ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé ìjọ, tí wọ́n bi wọ́n léèrè orúkọ bàbá wọn, ohun tí gbogbo èbúté ń pe bàbá wọn ni wọ́n sọ.

"Kò sẹ́ni tó tà wọ́n," ìyá mi ní. "Kò sì sẹ́ni tó fún wọn lórúkọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi gbà á. Ìwọ wá fẹ́ gbé e jù sílẹ̀ torí ajá."

Inú mi dùn, ojú sì tì mí, méjèèjì pọ̀. Mo jókòó sórí àga kíṣìnnì, mo ní kí wọ́n kì í lẹ́ẹ̀kan sí i. Wọ́n kì í. Ìyàwó mi ti jáde láti yàrá, ó fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "So, orúkọ tuntun yẹn ńkọ́?" Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkómọ, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀ kún pálọ̀ wa, bàtà snow wọn sì kún ẹnu ọ̀nà. A pe aládùúgbò wa náà. Ó fi òwú hun fìlà kékeré kan fún ọmọ, ó sì ń bẹ̀rù pé kí òwú náà má lọ máa yún un lórí. Àdúrà parí, èmi sọ tèmi, ìyàwó mi sọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà mo dọ̀bálẹ̀ fún ìyá mi, mo ní kí wọ́n fún ọmọ ní orúkọ ilé.

Wọ́n gbé ọmọ, wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n kọjú sí ògiri tí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. "Ẹ foríjì mí, ẹ̀yin ará ilé ọkọ mi," wọ́n ní. "Ibi tí a wà jìn. Kò sọ́mọ ilé kankan níbí tó mọ̀ ọ́n. Bí mi ò bá pè é lónìí, ó máa bá mi lọ." Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ sí ọmọ létí. Wọ́n wá pè é sókè, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Orúkọ tó dára ni, tó yẹ ọkùnrin, tó yẹ obìnrin. Mo sunkún níwájú àwọn àlejò, n kò sì wá nǹkan nu ojú.

N kò ní kọ ọ́ síbí. Ọmọ mi ń jẹ́ ẹ, Cooper sì tẹ̀ lé e. Láti ọjọ́ yẹn ìyá mi kò tún fi ẹnu kàn án mọ́. "Ọkọ mi" ni wọ́n ń pe ọmọ.

Ní ọjọ́ kejì ìkómọ, mo gbọ́ ohùn wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà pẹ̀lú egungun ẹran nínú abọ́, ajá náà dúró níwájú wọn, ó ń ju ìrù. "Ẹ káàárọ̀, Cooper," wọ́n ń wí. "Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Nígbà tí wọ́n wọlé, mo bi wọ́n pé ṣé ajá ni wọ́n ń fi "ẹ̀yin" kí.

"Ṣé orúkọ bàbá ẹ lo fẹ́ kí n máa fi 'ìwọ' pè?" wọ́n ní. "Obìnrin yẹn fẹ́ràn ajá ẹ̀ púpọ̀. Mo ti ń wò ó. Èèyàn kì í fi irú ojú yẹn wo ohun tó fi ń bú ará ilé kejì."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà, ó tó àkókò abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ. Forest Lawn ni ilé ìwòsàn náà wà. Òtútù ọjọ́ náà kò ṣe é fi ṣeré, nítorí náà mo já ìyá mi àti ọmọ sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo lọ wá ibi tí n óò páàkì sí. Nígbà tí mo wọlé, obìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ń béèrè orúkọ ọmọ.

"Cooper," ìyá mi ní.

"Is Cooper the first name?"

"Cooper," wọ́n tún ní, pẹ̀lú ohùn kíláàsì. "The other one, my son will tell you. Me, I don't call it."

Mo sún mọ́ ọn, mo sọ èyí tó kù fún un. A lọ jókòó sáàárín àwọn tí ń dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, nọ́ọ̀sì kan ṣílẹ̀kùn, ó pe Cooper. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì kọjá lára wa. Mo ti ń múra àtidìde, ọwọ́ mi ti fẹ́ nà bó ṣe máa ń nà.

Ìyá mi ti dìde ṣáájú mi. Wọ́n gbé ọmọ sókè díẹ̀, kí nọ́ọ̀sì náà lè rí i dáadáa.

"Àwa nìyí," wọ́n ní.